Ẹ̀yìn Tí Ó Pọn Ọmọ

Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n pa, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ń pa á níbi ìkómọ, ẹ ń pa á níbi ìpàdé ẹbí, àfáà ń fi í ṣí wàásù, olóṣèlú ń fi í tọrọ ìbò. Orí ọmọ ni gbogbo yín ń wò. Ẹ̀yìn tí ó pọn ọmọ náà ńkọ́? Ta ló wo ẹ̀yìn? Ta ló wo obìnrin tó ń la ọjà Ìpàtà kọjá, ọmọ oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn, oyún oṣù márùn-ún níwájú, igbá ata lórí? Ẹ rí i o. Ẹ kí i pé Ọlọ́hun á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi náà ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá rí. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí ọjọ́ mi tó pé.

Agbẹ̀bí ni mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi gbẹ̀bí nínú Ìlọrin yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ yìí ti gba ọmọ ní Pákátà, ó ti gba ọmọ ní Òkèlélé, ó ti gba ti Gàmbàrí àti ti Ìdí-Àpe. Àwọn tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ti di ìyá àti baba. Nítorí náà, bí mo bá pè yín ní ọmọ, ẹ má ṣe ro pé mo ń fi ọjọ́ orí yangàn. Bí mo bá sì bá yín wí, ẹ má wojú mi bí ẹni ń wo àlejò. Ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n gé ìwọ́ yín lè bá yín wí.

Òru ọjọ́ kan wà tí n kò gbàgbé. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé obìnrin kan wá, ọkọ rẹ̀ níwájú, àbúrò ọkọ lẹ́yìn, òun láàárín wọn bí ẹrù. Ó ti bímọ nílé. Ọmọ keje ni, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún kan àbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ya. Bí obìnrin bá bímọ tán, ó yẹ kí ilé-ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn di ìkúùkù, kí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lè pa dé. Tirẹ̀ ti gbé oyún léraléra láìsinmi, ó ti rọ̀, kò lè fún mọ́. Gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa la ṣe. Ibi tí a ti ń wá ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà sí i lára ni ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Kí ládàánì tó parí ìpè ìrun àsùbáà, ó ti lọ.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó gbójú sókè, ó bi mí pé, "Ìyá, kí ni mo ṣe?"

N kò dá a lóhùn. Ó ti tó ogún ọdún báyìí, n kò tíì dá a lóhùn. Òun nìkan sì kọ́ ló ni ìbéèrè náà. Gbogbo yín lẹ ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò lọ́nà, nítorí òun lẹ sábà máa ń sá sí lẹ́yìn. Ẹ ní ìfètòsọ́mọbíbí, ohun òyìnbó ni. Ẹ ní àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Àwọn baba ta ni? Ìyá mi bí àwa márùn-ún tí a yè, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló wà láàárín wa. Ṣé èèṣì ni? Kì í ṣe èèṣì. Ní ayé wọn, ọmọ a rìn, a sáré, a lè lọ bá ni mú abẹ́bẹ̀ wá láti yàrá kejì, kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, ìyá rẹ̀ kì í sùn sí yàrá ọkọ. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ ló ń sùn, tàbí kí ó padà sí ilé ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin tó bá fún abiyamọ lóyún nígbà náà, ojú a tì í láàárín ẹgbẹ́. Wọ́n á ní ó ba ọmú ọmọ jẹ́. Àwọn ìyá ilé á fi í kọrin, baba rẹ̀ á pè é sí ìkọ̀kọ̀ bá a wí. Ọkùnrin ni ojú ń tì, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kì í ṣe obìnrin. Tọkọtaya Caldwell, àwọn ará Ọsirélíà tí wọ́n ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977 pé ìyara-ẹni-sọ́tọ̀ yìí àti fífún ọmọ lọ́mú pẹ́ títí ni Yorùbá fi ń fètò sí ọmọ bíbí. Ohun tí ìyá àgbà yín ń ṣe nínú yàrá tirẹ̀ ni àjèjì wá kọ sílẹ̀ nínú ìwé, ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ wá ní ẹ kò gbọ́ ọ rí.

Bí ẹ bá sì ní kí n sọ ti oògùn, wọ́n ní òrùka, wọ́n ní ìgbàdí, wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́, wọ́n ń gba tírà lọ́wọ́ àfáà. N kò sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́. Mo ti gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ obìnrin tí òrùka wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n wá a. Wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí á wá a. Kò sí baba ńlá kankan tó ní kí obìnrin máa bímọ bí ewúrẹ́.

Kí wá ni ẹ̀yin ṣe? Ẹ sọ àṣà yẹn nù. Ẹ ní ọ̀làjú ti dé, tọkọtaya gbọdọ̀ jọ máa sùn, ọdún méjì ti pọ̀ jù fún ọkùnrin láti dúró. Ó dára. N kò bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tó rọ́pò rẹ̀ dé, ẹ tún kọ̀ ọ́. Ẹ ta ẹṣin baba yín, ẹ kọ̀ láti ra ọkọ̀, ẹ wá ní kí obìnrin máa fẹsẹ̀ rìn, kí ó tún ru ẹrù. Èwo lẹ fẹ́ gan-an? Ẹ kò fẹ́ ti ìyá yín, ẹ kò fẹ́ ti dókítà. Èwo lẹ fẹ́?

Ẹ lọ sí Dàda ní Òkèlélé, ẹ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò. Iṣẹ́ ìran wọn ni. Bí wọ́n bá mọ ìkòkò tán, wọn kì í kó o sínú iná lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ọjọ́ á gorí ọjọ́, títí omi inú amọ̀ á fi gbẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n á sọ fún yín pé ìkòkò tútù tí a kó sínú iná, fífọ́ ló ń fọ́, ìfọ́kù rẹ̀ sì lè ba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Amọ̀ nìyẹn o. Amọ̀ tí wọ́n wà nínú ilẹ̀. Ẹ mọ̀ pé amọ̀ ní ìsinmi tirẹ̀, ẹ kò mọ̀ pé ara ìyá ọmọ yín ní tirẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lẹ́yìn tí obìnrin bá bímọ, ó kéré tán kí ó sinmi fún oṣù 24 kí ó tó tún lóyún. Oṣù 24. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún méjì géérégé ni. Ọdún méjì náà ni Àlùkùránì sọ nínú Súrátù Bákárà, àáyà 233, pé kí ìyá fi fún ọmọ lọ́mú, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ìfúnlọ́mú náà pé. Ẹ ń ké àáyà yìí láti kékeré nílé kéwú. Ẹ mọ̀ ọ́n kà, ẹ kò jẹ́ kí ó wọlé yín.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀, àfáà, mo kúnlẹ̀ kí yín, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Ìlọrin yìí, ìlú kéwú ni. Láti ìgbà Sheikh Alimi ni àwọn ọmọ ilẹ̀ jíjìn ti ń wá síbí wá kọ́ ìmọ̀. A kì í gbé nínú odò kí á máa fi itọ́ bọ́jú. Ṣé ẹ̀yin ni mo tún máa sọ fún pé àwọn Sàábé Ànọ́bì ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní asílù, kí ọkùnrin yọ kúrò lára obìnrin kí omi rẹ̀ má bàa dé inú? Ṣé ẹ̀yin ni mo máa sọ fún pé Jábírù, ọ̀kan nínú wọn, ròyìn pé àwọn ń ṣe é nígbà tí Àlùkùránì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́, tí Àlùkùránì kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn? Imam al-Ghazali tú u palẹ̀ nínú ìwé Ihya rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ka ìbẹ̀rù ewu ìbímọ fún ẹ̀mí obìnrin mọ́ àwọn ìdí tí ènìyàn fi lè ṣe é. Sheikh Mahmud Shaltut ti Al-Azhar ní Íjíbítì fọwọ́ sí ìfètòsọ́mọbíbí ní 1959. Ẹ mọ gbogbo èyí. Àwọn kan nínú yín kàwé dé Al-Azhar fúnra rẹ̀. Èé ṣe tó fi jẹ́ pé nígbà tàfúsíírì oṣù Rọ̀mọ̀dọ́ọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ nìkan ló ń jáde lẹ́nu yín? Èé ṣe tí ẹ fi jẹ́ kí ọkùnrin tí kò lè ka Fátíhà dé òpin máa fi orúkọ Ọlọ́hun dí ẹnu ìyàwó rẹ̀?

N kò sọ pé gbogbo yín. Láti 2009, nígbà tí ètò ìfètòsọ́mọbíbí kan tí wọ́n ń pè ní NURHI wọ Ìlọrin, àwọn àfáà kan àti àwọn pásítọ̀ kan dìde, wọ́n fi orúkọ ara wọn sí i, wọ́n sì gba àwọn òṣìṣẹ́ náà láàyè láti sọ̀rọ̀ níbi ìkómọ. Mo rí wọn. Ọlọ́hun á san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ètò náà tán, tí àwọn ọkọ̀ tó ní àmì lára lọ, mélòó nínú yín ló ṣì ń sọ ọ́? Ṣé owó ló ń sọ òtítọ́ ni?

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ obìnrin tó ń fi káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ pamọ́ sínú àpò gàrí. Mo mọ èyí tó ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, tó ní bí òun bá gbé e délé, wàhálà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yan abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, kì í ṣe pé òun ló bá wọn lára mu jù lọ, nítorí pé ọkọ kò lè fọwọ́ kàn án ni. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, ọwọ́ ọkọ lè ṣèèṣì bá a lóru. Ẹ wo irú ìṣirò tí àwọn ìyá ọmọ yín ń ṣe! Obìnrin tó ń se oúnjẹ yín, tó ń fọ aṣọ yín, tó ń dá owó ilé ẹ̀kọ́ sí i, ó wá ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ tọ́jú ara rẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Kí ló jí? Ara ta ni ó jí? Ẹ ní bí obìnrin bá ti ṣe ìfètò, yóò máa ṣe àgbèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àgbèrè kò ní dúró de abẹ́rẹ́. Àbí oyún lẹ fi ń ṣọ́ ìyàwó yín? Bí ó bá jẹ́ oyún ló ń ṣọ́ ọ fún yín, kí ni ìfẹ́ ń ṣe nínú ilé náà, kí ni ìwà ń ṣe níbẹ̀?

Ìyá ọkọ, ìwọ náà, ẹlẹgbẹ́ mi. O mọ bí ó ṣe rí. Ìwọ náà ti sunkún lórí oyún rí tí ẹnì kankan kò gbọ́. Kí ló wá dé tí o fi ń bi ìyàwó ọmọ rẹ léèrè láti oṣù kẹfà lẹ́yìn ìkómọ pé "ṣé kò tíì sí nǹkan?" Ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnu ẹgà ní í ní ẹgà ń pàtótó, ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́ èdè ẹgà, ẹgà ni ọ́.

Mo ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera, ọ̀rọ̀ tiyín ló sì ń dùn mí jù. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, ọ̀fẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi sí apá tó ń lo ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, ọ̀fẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ tó lè lo ọdún mẹ́wàá, ọ̀fẹ́. Oògùn oníhóró, kọ́ńdọ̀mù, ọ̀fẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Obìnrin wá rìn láti ọjà dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní owó ìbọ̀wọ́ ńkọ́, owó òwú ńkọ́, owó bíléèdì, owó káàdì. Òótọ́ ni pé ìjọba kì í fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí yín tó, mo mọ̀, mo ti fi owó àpò mi ra ìbọ̀wọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé ìbọ̀wọ́ ló ń ra. Ẹ má jẹ́ kí ó rò pé ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ ń tà fún òun.

Ẹ tún ní ẹnu. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn oníwàdìí lọ sí ìlú mẹ́fà ní Nàìjíríà, Ìlọrin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn oníkẹ́míìsì léèrè bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń fi òfin tara wọn dí obìnrin lọ́nà. Èyí ní o kò tíì dàgbà tó. Òmíràn ní o kò tíì lọ́kọ. Òmíràn ní iye ọmọ rẹ kò tíì tó. Òmíràn ní kí ó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá. Ta ló fi yín jẹ adájọ́? Ìjọba fún yín ní abẹ́rẹ́ láti gún, kò fún yín ní ẹjọ́ láti dá.

Bí obìnrin bá sì jókòó níwájú yín, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Ẹ sọ fún un pé nǹkan oṣù rẹ̀ lè yí padà, ó lè dá dúró, ó lè máa kán díẹ̀díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé bí ó bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan kí oyún tó dé, ṣùgbọ́n yóò dé, abẹ́rẹ́ kì í pa ilé-ọmọ. Ìgbà tí ẹ bá dákẹ́ ni àhesọ ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó rí ìyípadà tí ẹnì kan kò sọ fún un ni yóò padà lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú, tí yóò sọ fún ogójì obìnrin pé wọ́n ti ba òun jẹ́. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi ìwọ tó ń kánjú.

Ẹ wá wo ti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ṣé kí á máa ran àgbèrè lọ́wọ́ ni. Rárá, ìyá Mùsùlùmí ni mí, mo kọ́ àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n dúró. Mo tún mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo ti tọ́jú ọmọ tó po iyọ̀ mọ́ omi mu títí ó fi dákú. Mo ti rí èyí tó mu ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú kán-ún. Mo ti rí èyí tó lọ sọ́dọ̀ ayédèrú dókítà nínú yàrá kan, tí wọ́n fi irin ya á nínú. Òfin Penal Code tí a ń lò ní Kwara kò gba oyún ṣíṣẹ́ láyè àyàfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà nídìí rẹ̀, nítorí náà ọmọ tó ti yà nínú á máa bẹ̀rù láti wá sọ́dọ̀ wa títí yóò fi máa rùn. Ọmọ yín ni. Kì í ṣe ọmọ ará ibòmíràn. Ẹ lé e kúrò nílé ìwòsàn pẹ̀lú èébú lójú ọ̀sán, ó lọ sí ibi tí kò sí iná lóru. Ẹ sì lọ jókòó, ẹ ní ẹ ti dáàbò bo ìwà rere. Ìwà rere wo ló wà nínú òkú ọmọdé?

Ìjọba náà kò gbọdọ̀ rò pé mo gbàgbé òun. Ní 1988, nígbà Babangida, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, wọ́n gbé ètò kan jáde pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan fi ọmọ mẹ́rin mọ. King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu gbé orin "Wait for Me" jáde ní 1989 láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ètò náà nígbà náà, mo sì gbà pé wọ́n ní ìdí. Mẹ́rin fún obìnrin, ọkùnrin ńkọ́? Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin lè bí mẹ́rìndínlógún, kò tíì ṣẹ̀ sí ètò. Ọmọ inú obìnrin nìkan ni wọ́n kà. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín nígbà náà, n kò wá síbí wá ka ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ mẹ́wàá, tí ara ìyá gbé e, tí ọwọ́ yín ká a, kí Ọlọ́hun dá wọn sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí yóò gbé oyún gbọdọ̀ ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ oyún.

Ní 2012, wọ́n lọ sí ìpàdé ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2018, obìnrin 36 nínú 100 ni yóò máa lo ìfètòsọ́mọbíbí. 2018 dé. Ìwádìí ìjọba fúnra rẹ̀ lọ́dún náà fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 péré ló ń lo ti ìgbàlódé, 19 mìíràn sì wà tí wọn kò fẹ́ oyún lásìkò náà ṣùgbọ́n tí wọn kò lo nǹkan kan. Ìlérí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ ta la ti fẹ́ gbà á? Ní 2024, owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìfètòsọ́mọbíbí lé ní bílíọ̀nù 2 náírà. Ní 2025, wọ́n gé e di nǹkan bí mílíọ̀nù 66. Ẹ tún un kà kí ó yé yín. Ọdún tí Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn USAID, àjọ tó fi ń ran ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́, ni àwa náà fi owó tiwa padà sápò. Oògùn ìfètò tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 9 dọ́là lọ, tó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ti Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn, wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún náà, Amẹ́ríkà sì ní òun yóò sun wọ́n níná. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹkún, mo bi ara mi pé, ta ló fi ìlera ìyá ọmọ rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́? Ṣé Amẹ́ríkà ló bí wa?

Àwọn àjọ àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2023, nǹkan bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà. Ó lé ní igba lójúmọ́ kan. Nínú gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, tiwa nìkan ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ìsun ẹ̀jẹ̀ bí ti obìnrin orí ọ̀kadà yẹn wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Kì í ṣe gbogbo wọn ni abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ì bá gbà là, agbẹ̀bí ni mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò lóyún kò lè kú ikú ìbímọ.

Ìwọ ọkùnrin tó jókòó lẹ́bàá ògiri, bóyá orí rẹ ti funfun báyìí. O bi mí léèrè ohun tí o ṣe. Gbọ́. Nígbà tí ọmọ yín kẹfà pé oṣù mẹ́ta, ìyàwó rẹ wá bá mi. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní òun kò sọ pé òun kò bímọ mọ́, kí òun ṣáà sinmi díẹ̀ ni, kí òun gba abẹ́rẹ́. Mo bi í pé, "Ọkọ rẹ mọ̀?" Ó dákẹ́. Mo ní kí ó lọ mú ọ wá, tàbí kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa nìyẹn, mo rò pé ilé ni mò ń bá a tún ṣe. Àbúrò rẹ tó jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà ló sọ ìyókù fún mi nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Ó ní ìyàwó rẹ bá ọ sọ ọ́, o ní obìnrin tó ń wá ìfètò ń wá ọkọ mìíràn. Kò tún sọ ọ́ mọ́. Kò sì padà wá bá mi, títí di òru ọjọ́ náà.

Ohun tí o ṣe nìyẹn. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn mi nígbà tí mo lé e padà, kò sì sí òfin kankan ní Nàìjíríà, nígbà náà tàbí lónìí, tó ní kí n béèrè àṣẹ ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀.